Àkàrà Létí Òkun Bahia: Níbo ni Àlejò Yóò ti Jẹun ní Rio Vermelho?

Ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl, àdúgbò kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Rio Vermelho, èyí tí í ṣe Odò Pupa ní èdè wa. Abúlé àwọn apẹja ni ibẹ̀ jẹ́ nígbà àtijọ́, kí ìlú ńlá tó gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Títí di òní olónìí àwọn apẹja ṣì ń gúnlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ àdúgbò náà di olókìkí láàárín àwọn ará ìlú ni oúnjẹ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tọmọdé tàgbà a máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti jókòó ní gbàgede, kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu, kí afẹ́fẹ́ òkun sì fẹ́ sí wọn lára.

Bí ọmọ Yorùbá kan bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí ebi sì ń pa á, òórùn epo pupa ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Kí ó má ṣe rò pé imú òun ń tan òun jẹ. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a sì ń dín nínú epo ni. Orúkọ tí àwọn ará Bahia ń pè é ni acarajé. Ẹni tí ó bá pe orúkọ yìí sókè lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ pé àkàrà ni, àti pé wọ́n ti so “jẹ” mọ́ ọn nídìí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dárúkọ oúnjẹ náà ti sọ ohun tí a ń fi í ṣe.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kọ fún àwọn arìnrìnàjò a máa to orúkọ àwọn ilé oúnjẹ olówó iyebíye lọ bẹẹrẹ. A kò ní ìjà kankan pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin olùkàwé wa, tàbí ọmọ yín tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ní òkè òkun, bá bi wá léèrè ibi tí ó yẹ kí a ti jẹun ní Rio Vermelho, ìdáhùn wa kúrú: ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn ìyá alákàrà.

Gbàgede méjì ni kí àlejò mọ̀. Èkíní ni Largo de Santana, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ ti Anna Mímọ́ wà nítòsí omi. Níbẹ̀ ni Lindinalva de Assis, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Dinha, ti dín àkàrà títí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Ó kú ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò jẹ́ kí iná agbada náà kú. Obìnrin mìíràn, Regina, ní àtẹ tirẹ̀ ní gbàgede kan náà, àwọn ará ìlú a sì máa jiyàn gidigidi lórí èyí tí ó dùn jù, gan-an gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti í jiyàn lórí àwọn alákàrà àdúgbò wa. Gbàgede kejì ni Largo da Mariquita. Ibẹ̀ ni àtẹ Cira wà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Jaciara de Jesus Santos. Ó ní òmíràn ní Itapuã, létí òkun kan náà, níbi tí ó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú. Òun náà kú ní ọdún 2020, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mariquita ni ọjà ẹja àtijọ́ wà, tí wọ́n ti tún kọ́, tí wọ́n sì sọ ní Vila Caramuru. Ẹni tí ó bá fẹ́ jókòó sórí àga, kí a sì gbé àwo wá síwájú rẹ̀, lè wọ ibẹ̀.

Ẹ má ṣe wá àgọ́ oúnjẹ lórí iyanrìn gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ti lọ síbẹ̀ láyé àtijọ́ ti lè sọ fún yín. Ní oṣù August 2010 ni a fi àṣẹ ilé ẹjọ́ wó àwọn àgọ́ tí ó kún etí òkun Salvador.

Ìyá alákàrà a máa jókòó sẹ́yìn àtẹ rẹ̀ nínú aṣọ funfun tí ó gbòòrò nísàlẹ̀, pẹ̀lú gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, àti ìborùn kan tí wọ́n ń pè ní pano da costa, èyíinì ni aṣọ Etíkun. Etíkun wo ni? Etíkun tiwa níhìn-ín ni. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, aṣọ tí àwọn ìyá wa hun ni a ń kó sínú ọkọ̀ lọ sí Bahia, nítorí pé àwọn ènìyàn wa tí ó wà níbẹ̀ kò fẹ́ òmíràn. Bí ó bá kàn yín, obìnrin náà yóò bi yín léèrè pé: gbígbóná tàbí tútù? Kì í ṣe ti iná ni ó ń wí, nítorí gbogbo rẹ̀ ni ó ń ti inú agbada jáde. Ata ni ó ń béèrè. Ẹni tí ó bá dáhùn “gbígbóná” láìronú ni yóò mọ̀ bí omi bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n èmi kò bẹ̀rù fún ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n a rẹ ẹ̀wà olójú dúdú sínú omi, wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, lórí ọlọ ní ayé ijọ́un àti nínú ẹ̀rọ ní ayé òde òní, wọn a fi iyọ̀ sí i, wọn a sì fi igi ìpo lù ú títí yóò fi wú, kí ó tó bọ́ sínú epo. Ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde. Àkàrà tiwa kéré, à ń fi ẹ̀kọ mu ún tàbí kí a fi í sínú búrẹ́dì. Tiwọn tóbi tó ìkúùkù àgbàlagbà. Wọn a fi ọ̀bẹ là á láàárín bí ẹni ń la búrẹ́dì, wọn a sì kó nǹkan sínú rẹ̀: vatapá, èyí tí a fi búrẹ́dì, edé gbígbẹ, ẹ̀pà tàbí kajú, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀ di ọbẹ̀ kíki, caruru, tí í ṣe ilá tí a gé wẹ́wẹ́, tòmátì tútù, àti edé gbígbẹ lórí rẹ̀. Ẹyọ kan ti tó oúnjẹ alẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí àkàrà fúnra rẹ̀ ti rí lẹ́nu, kí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní òfìfo ná. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn, nítorí vatapá a máa bo adùn ẹ̀wà mọ́lẹ̀.

Lórí àtẹ kan náà ni ẹ ó ti rí abará. Ìyẹ̀pẹ̀ ẹ̀wà kan náà ni, pẹ̀lú epo àti edé, tí a pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sì sè. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni, kò sì sí ìyá kan láàárín wa tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dára fún arúgbó àti fún ẹni tí oníṣègùn ti kìlọ̀ ohun díndín fún.

Àwọn tí ó bá fẹ́ oúnjẹ ìjókòó, kí wọ́n béèrè moqueca. Ẹja tàbí edé tútù ni, tí a fi tòmátì, àlùbọ́sà, omi àgbọn àti epo pupa sè nínú ìkòkò amọ̀; inú ìkòkò náà ni a óò gbé e wá síwájú yín, yóò sì máa hó sí yín lójú. Ìrẹsì a máa bá a rìn, pẹ̀lú pirão, tí a fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rò nínú omi ẹja. Ẹni tí ó ti jẹ ẹ̀bà rí kò ní ṣàjèjì rẹ̀. Ìkòkò kan a sábà máa tó ènìyàn méjì, nítorí náà kí tọkọtaya má ṣe sanwó méjì. Bí ẹ bá rí efó nínú ìwé oúnjẹ wọn, ẹ̀fọ́ ni. Àwọn òyìnbó tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín a máa bẹ̀rù epo pupa, pé yóò da inú wọn rú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń rán yín sí ọ̀dọ̀ obìnrin tí ó jókòó ní ìta, nígbà tí tábìlì àti àwo tánganran wà nínú ilé? Ìdí rẹ̀ ni pé orí àtẹ yìí ni ìtàn wa wà. Nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn wa ni a tà sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Àwọn olówó a máa rán àwọn obìnrin inú wọn lọ sí ìgboro láti ta oúnjẹ. Ní òpin ọ̀sẹ̀, obìnrin náà yóò san iye tí olówó rẹ̀ bù lé e, ohun tí ó bá ṣẹ́kù sì di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó kó èyí tí ó ṣẹ́kù yìí jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ fún ọdún púpọ̀, títí wọ́n fi ra ara wọn padà, tí wọ́n sì ra ọmọ wọn padà, kí ìjọba Bràsíl tó fi òpin sí oko ẹrú ní ọjọ́ 13 oṣù May 1888. Àkàrà wà lára oúnjẹ tí wọ́n fi rà á.

Nítorí náà ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àyè wọn. Ní ọdún 2005 ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé àwọn ohun ìní orílẹ̀-èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí Bràsíl ń múra láti gba ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2014 lálejò, òfin àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù, FIFA, kò gba àwọn ọlọ́jà ìgboro láàyè nítòsí pápá ìṣeré. Kí a dín àkàrà ní Bahia kí a má sì rí i níbi eré? Àwọn obìnrin náà, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì jáde nínú aṣọ funfun wọn. Wọ́n borí. Ní ọdún 2013, nígbà ìdíje tí ó ṣáájú èyí ńlá náà, a gba àwọn alákàrà mẹ́fà láàyè ní pápá Fonte Nova.

Ìjà kejì kò tíì parí, ó sì kan àwa Kristiani. Nínú ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Bahia, àkàrà jẹ́ oúnjẹ Ọya. Nígbà tí àwọn ìjọ ajíhìnrere pọ̀ sí i, tí àwọn alákàrà kan sì yípadà, àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ funfun mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìlú ti 1998 sọ aṣọ tí alákàrà níláti wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí orúkọ oúnjẹ padà, wọ́n sọ ọ́ di bolinho de Jesus, àkàrà Jésù. Inú àwọn yòókù kò dùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá so ó mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wo ni orúkọ ṣẹ̀? Nínú ilé wa níhìn-ín, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ ìmàle àti ọmọ abọ̀rìṣà ni ó ti ń jí lọ sọ́dọ̀ alákàrà kan náà láàárọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè òrìṣà tí ó ń sìn kí ó tó ra tirẹ̀. A fi àkàrà bọ Ọya, ṣùgbọ́n Ọya kọ́ ni ó dá ẹ̀wà. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bá àwọn ará Kọ́ríńtì sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹran tí a fi rúbọ, kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún ẹran. Èyí tí ó sì wúwo jù lọ́kàn mi ni pé àwọn tí kì í ṣe ti ìsìn wa ni ó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì fún igba ọdún. Bí a bá gba “àkàrà” lẹ́nu wọn lónìí, kí ni yóò kù lórí àtẹ náà tí ọmọ Yorùbá yóò fi mọ̀ pé ìbátan òun ni ó jókòó níwájú òun?

Àwọn náà kò sì fi ọwọ́ òfìfo rán wa sílé. Àwọn tí ó padà bọ̀ sí Èkó láti Bahia, tí a ń pè ní Àgùdà, mú frejon wá: ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a sì fi omi àgbọn sè, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere pẹ̀lú ẹja. Ọ̀rọ̀ Potogí tí í ṣe ẹ̀wà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí onígbàgbọ́ Èkó kan tí ó ti dámọ̀ràn pé kí a yí i padà.

Ẹni tí ó bá lọ ní ọjọ́ kejì oṣù February, kí ó mọ̀ pé ọjọ́ ọdún Yemọja ni ní Rio Vermelho. Èrò a máa kún dé etí omi, kí ó tètè jẹun tàbí kí ó lọ ní ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ gbogbo, láti ìrọ̀lẹ́ lọ ni iná agbada ń jó dáadáa. Bí ẹ bá sì jẹ àkàrà tán, ẹ má tíì dìde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ni cocada wà, àgbọn tí a rin tí a sì fi ṣúgà sè títí ó fi le, ọ̀kan funfun, èkejì pupa rúsúrúsú nítorí ṣúgà tí a jẹ́ kí ó jó díẹ̀. Èyí pupa ni kí ẹ rà fún àwọn ọmọ.