Àtíkè Ojú Olówó Pọ́ọ́kú: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí A Tó Rà Á

Obìnrin tó fẹ́ ra ẹ̀lùbọ́ kì í kàn ka owó sílẹ̀ kó máa lọ. Yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ìka rà á wò, yóò gbóòórùn rẹ̀. Bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kan náà, bí ó bá dé ìdí àtẹ àwọn tó ń ta nǹkan ìṣaralóge, èyí tí páálí rẹ̀ dán jù ni yóò nawọ́ sí. Kí ló fà á? Ẹ̀lùbọ́, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Èyí tó wà nínú páálí dídán yìí, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Àtíkè ìpénpéjú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí àwọn ọmọge ń pè ní áíṣádò. Nínú páálí tàbí ike pẹlẹbẹ kan ló máa ń wà, pẹ̀lú dígí kékeré lára ìdérí. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí àwo kéékèèké mẹ́sàn-án tàbí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Páléètì ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni páléètì aláwọ̀ jẹ́jẹ́: àwọ̀ ẹ̀lùbọ́, àwọ̀ obì, àwọ̀ kòkó, àwọ̀ eérú, títí dé dúdú. Kì í ṣe aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró tí ń pariwo. Àwọ̀ jẹ́jẹ́ bá gèlè àti aṣọ òkè èyíkéyìí mu, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ojú fún ìyàwó fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ fáàrí lásán ni. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọbìnrin kan ní Ìníṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríídọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ ojú ṣíṣe. Ní Sátidé, ìyàwó kan ń dúró dè é ní Ìkìrun láàárọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mìíràn ń retí rẹ̀ ní Òkukù. Ọ̀nà Òṣogbo sí Ọ̀fà kan náà ló gba ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ọ̀rọ̀ sì máa ń tètè rìn lójú ọ̀nà yẹn. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju èyí tó lè ra páléètì kan ṣoṣo lọ. Bí àtíkè bá ń já sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó kí wọ́n tó jó wọlé, fọ́tò kò ní gbàgbé. Bí ojú ìyàwó bá wá wú ńkọ́? Ta ni yóò tún pe ọmọbìnrin náà?

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọ̀ jẹ́jẹ́ kì í ṣe àwọ̀ ọ̀wọ́n. Ẹ rántí àdá tí ẹnì kan gbàgbé sínú òjò. Pupa tó bo ara rẹ̀ yẹn, ìpáàrà irin ni. Irú ìpáàrà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ kí ó lè mọ́, ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀ búráùn inú àtíkè ojú. Ó ní pupa, ó ní yẹ́lò, ó ní dúdú. Bí wọ́n bá pò wọ́n pọ̀ níwọ̀n-níwọ̀n, wọ́n á rí àwọ̀ obì, àwọ̀ kòkó àti àwọ̀ amọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, wọ́n á bu ẹ̀tù funfun kan sí i. Ìyókù ni òkúta rírọ̀ tí a lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pè ní talc, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àtíkè tí a ń fi sára, àti òkúta mìíràn tí ń dán yinrin, tí ń jẹ́ máíkà, pẹ̀lú òróró díẹ̀ tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí èyí tó wọ́n púpọ̀ nínú wọn. Páléètì olówó gọbọi àti olówó pọ́ọ́kú, ìpáàrà irin ló wà nínú méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àwo, àti bóyá ẹni tó ṣe é bìkítà nípa ẹ̀gbin tó lè bá a wọlé. Orúkọ tó wà lórí páálí sì ní owó tirẹ̀.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ yí páálí náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà ibẹ̀ kéré. Ẹ gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Ẹ wá lẹ́tà C àti I, tí nọ́ńbà márùn-ún tẹ̀ lé wọn. CI 77491 ni ìpáàrà irin pupa. CI 77492 ni yẹ́lò. CI 77499 ni dúdú. CI 77891 ni ẹ̀tù funfun tí a wí, CI 77019 sì ni máíkà. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe rí lára ọjà Ṣáínà ni wọ́n rí lára ọjà Faransé. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan lè dá wọn mọ̀. Páléètì tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Ẹ tún wá nọ́ńbà NAFDAC. Òfin ọdún 1993 ló dá àjọ yìí sílẹ̀, òun ló sì ń forúkọ nǹkan ìṣaralóge sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni pé ayédèrú lè kọ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní rárá ti fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ wo àwòrán ìgò kékeré kan tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n kọ 12M tàbí 24M sínú rẹ̀. Oṣù ni M yẹn. Ó ń sọ iye oṣù tí ẹ lè lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan ló wà lójú páálí tí owó rẹ̀ kò sì tó owó búrẹ́dì méjì, ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ayédèrú máa ń fò lẹ́tà tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ní Amẹ́ríkà gba ayédèrú irú ọjà yìí tí iye rẹ̀ tó $700,000. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò àìsàn àti ìgbẹ́ ẹranko ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Ìwé kíkà tán, ó ku ọwọ́. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo èyí tí ẹ ti ṣí.” Bí ó bá kọ̀, ẹ má bá a jà, kò fẹ́ kí ọjà òun bàjẹ́ ni. Ẹ lọ sí ìdí àtẹ mìíràn.

Ẹ fi ìka tó mọ́ ra ojú àtíkè náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó dára yóò rọ̀ bí ẹ̀lùbọ́ tí a fi asẹ́ kù. Bí ó bá ń ha ìka bí iyanrìn, wọn kò lọ̀ ọ́ kúnná, ìpénpéjú kò sì nípọn tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá le gbagidi tí kò sí ohun tó mọ́ yín níka, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí òróró rẹ̀ ti pọ̀ jù. Búrọ́ọ̀ṣì kò ní rí nǹkan kó. Bí ó bá sì wó lulẹ̀ bí àkàrà tí a kò po dáadáa, òun gan-an ni yóò já sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ fà á sí inú apá, níbi tí oòrùn kì í sábà pa. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi itọ́ tutù u, ẹ má sì fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sí àtíkè tí kò ní hàn bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ṣé àwọ̀ tó wà lápá jọ èyí tó wà nínú àwo? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ páléètì olówó pọ́ọ́kú ti ń dójú ti ènìyàn. Wọ́n ti kó ẹ̀tù funfun àti talc sí i kí ó lè pọ̀. Lára ẹni pupa kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n lára ẹni dúdú, àfi bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò fi ìpara pa ara nígbà ọyẹ́. Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ara dúdú ni kì í gba àwọ̀. Àtíkè ni kò ní àwọ̀ nínú. Ohun mìíràn ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọjà yìí, ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ pé àwọ̀ kan jẹ́jẹ́. Àwọ̀ ògì tó jẹ́jẹ́ lójú wọn, ariwo ni lójú tiwa. Ẹ ka iye àwo tó jẹ́ àwọ̀ obì, àwọ̀ kòkó àti dúdú nínú páléètì náà. Bí méjìlá bá wà tí ẹ kò sì lè lo ju mẹ́ta lọ, àwo mẹ́ta ni ẹ rà, kì í ṣe méjìlá.

Ẹ fa àwọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fi ìka pò wọ́n níbi tí wọ́n ti pàdé. Ó yẹ kí ọ̀kan wọnú èkejì bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń wọnú alẹ́. Bí wọ́n bá di ẹrẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ má nù ún kúrò lápá o. Ẹ máa ná ọjà yín lọ nínú oòrùn, nínú òógùn. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ padà wá ná an.

Ohun kan wà tí ìka kò lè rí. Nínú ilẹ̀, talc àti asbestos máa ń wà nítòsí ara wọn. Asbestos ni wọ́n fi ń ṣe páànù àti àjà ilé tẹ́lẹ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn kéde pé àyẹ̀wò rí asbestos nínú àtíkè ojú kan tí ilé ìtajà Claire’s ń tà. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ nǹkan wò tó bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí a fi ní kí ẹ má ra ọjà tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, a lè wá a lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Kí ni gbogbo wàhálà yìí sí? Ẹ jẹ́ kí a padà sí tìróò àwọn ìyá wa.” Ẹ dákun, ẹ gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ tìróò ni wọ́n ń ti ara òkúta dúdú dídán kan lọ̀, òjé ló sì pọ̀ jù nínú òkúta náà. Òjé ni irin wúwo tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, tí àwọn olùsìn Ọbàtálá sì ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Lọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Nínú ẹ̀jẹ̀, májèlé ni. Ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù, nítorí ọpọlọ wọn ṣì ń dàgbà. Ó lè mú kí ọmọ má lè kọ́ ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu fún wọn.

Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Wọ́n wá orísun rẹ̀ nínú ilé, wọ́n bá a lára tìróò tí wọ́n ń fi sójú ọmọ náà, èyí tó wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wọn tìróò náà, òjé inú rẹ̀ ju 82 lọ nínú 100. Ẹ fi èyí wé òfin Amẹ́ríkà lórí ìpáàrà irin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: òjé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 10 lọ nínú 1,000,000. Àwọn tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010 mọ ohun tí òjé lè ṣe. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ nítorí wúrà níbẹ̀ ní òjé nínú, ó sì pa ju 400 ọmọdé lọ.

A kò bú àwọn ìyá wa. Ìfẹ́ ló mú kí wọ́n lé tìróò fún wa, wọn kò ní ẹni tó máa wọ̀n ọ́n fún wọn. Kì í sì í ṣe gbogbo tìróò ló ní òjé. Àwọn kan wà tó jẹ́ èédú tàbí èéfín àtùpà. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi ojú tàbí ìka mọ èyí tó ní in àti èyí tí kò ní in lórí àtẹ. Èyí tó wúwo lọ́wọ́ tó sì ń kọ mànà bí irin, ẹ sá fún un. Èyí tó fúyẹ́, ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ fọkàn tán an. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ dúdú ojú, kó wá léèdì ojú tó ní CI 77499 àti nọ́ńbà NAFDAC lára. Ọmọ ọwọ́ kò nílò rẹ̀ rárá.

Ó ku búrọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1969, nígbà tí Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá, àrùn ojú pípọ́n kan bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ó sì tàn kálẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ àpólò tí a ń pè é títí di òní. Ọwọ́, ìnujú àti nǹkan ojú tí ènìyàn méjì jọ ń lò lè gbé àpólò kiri. Ọmọbìnrin wa ará Ìníṣà tó ń ti Ìkìrun lọ sí Òkukù, kó fi ọṣẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó sì gbẹ kó tó kan ojú ẹlòmíràn, tàbí kó ní ju ẹyọ kan lọ. Oníbàárà tí ojú rẹ̀ bá pọ́n, kó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ojú náà sàn ná.

Bí ẹ bá ti ra páléètì yín délé, ẹ má tíì gbé e lọ sí òde ìyàwó. Ẹ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ní inú apá, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ kejì náà. Bí ibẹ̀ bá yún yín, tó wú tàbí tó pọ́n, kò gbọdọ̀ dé ojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má dúró di ọjọ́ Jímọ̀ kí ẹ tó ra èyí tí ẹ fẹ́ lò ní Sátidé.