Ajílẹ̀ jó ọmọ kòkó? Ẹ má tíì fà á tu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá àgbẹ̀ tó ń da ajílẹ̀ òyìnbó sí ọmọ kòkó inú ọ̀rá wí, kí ó lè tètè ga kí òjò tó dé.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá máa ń gbin hóró kòkó sínú ọ̀rá. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, wọn a kó o lọ sóko. Ẹni tí tirẹ̀ bá jóná nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, àfi kí ó ra ti ẹlòmíràn tàbí kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló ń jó o? Iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó. Bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ara ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ tó pọ̀ jù ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Lóko, ilẹ̀ fẹ̀. Nínú ọ̀rá, gbòǹgbò kò ríbi sá sí. Yúríà ló le jù, nítorí ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ ni nitrogen, èròjà tó ń mú ewé yọ. Ìdá 15 péré ni ti NPK 15-15-15. Ìgbẹ́ adìẹ tútù náà ń jó irúgbìn.

Ẹ wo etí ewé àti ṣóńṣó rẹ̀. Wọn á gbẹ bí ohun tí iná rà. Nǹkan funfun lè hàn lójú ilẹ̀, ewé á sì rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn kan á rò pé ebi ló ń pa á, wọn á tún bu ajílẹ̀ sí i. Ìyẹn ló ń pa á tán.

Omi ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣa ajílẹ̀ tí ẹ bá rí lójú ilẹ̀ kúrò. Ẹ rí i pé ihò wà nídìí ọ̀rá, kí ẹ wá rọra da omi sí i títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ro, kí ẹ tún da òmíràn, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá jókòó sínú omi o, nítorí gbòǹgbò á jẹrà. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó.

Ewé tó ti jó kò ní tutù mọ́. Ewé tuntun ni kí ẹ máa retí. Títí tí ewé náà yóò fi gbó, ẹ má fi ajílẹ̀ kàn án. Bí ẹ bá sì máa fi sí i lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ díẹ̀, kí ilẹ̀ ti tutù, kí ó sì jìnnà sí ìdí igi. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.