Ìyá Àgbà Ṣubú, A Ní Ọjọ́ Pé

Kò sí ẹni tí ó ti gbé ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin pẹ́ tí kò tíì gbọ́ irú ìròyìn yìí rí. Ìyá àgbà jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń lọ sí balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́. Wọ́n gbé e sórí ibùsùn, wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n sì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ní Èkó. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, òkú rẹ̀ ni wọ́n wá sin. Gbogbo ènìyàn sì wí pé ọjọ́ ìyá ni ó pé.

Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Eegun tí ó so itan mọ́ ìgbáròkó ni ó ṣẹ́. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni eegun ń fúyẹ́ nínú, pàápàá ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣubú tí ọmọdé yóò fi rẹ́rìn-ín lè ṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ eegun náà ni ó ń pa àgbà. Ìdùbúlẹ̀ ni. Òtútù àyà a wọlé, ẹ̀jẹ̀ a dì nínú ẹsẹ̀, a sì gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ibùsùn a dá egbò sí ìdí. Ní ilẹ̀ tí ìtọ́jú ti dára pàápàá, nínú ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹnìkan a máa kú kí ọdún tó yípo.

Ìdí nìyí tí ìlànà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2011, fi ní kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ó dé tàbí ní ọjọ́ kejì, kí a sì gbé e dìde láìpẹ́. Ìyá Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣubú ní 1998, ẹni ọdún 97, ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì tún gbé ayé títí di 2002. Ẹnìkan lè wí pé ti ọlọ́lá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Mẹ̀kúnnù ibẹ̀ náà kì í sanwó iṣẹ́ abẹ yìí.

A kò fi àwọn bàbá tí ń to eegun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti to apá àti ojúgun ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n eegun yìí wà nínú oríkèé, ọwọ́ kò dé ibẹ̀, irin ni a fi ń dì í mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ẹní sì ni ewu náà gan-an. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ti wà láti 1945. Owó ni ó ń dí ọ̀nà. Àwa Ìjẹ̀bú kọ̀, a ó pa màlúù, a ó ra aṣọ ẹbí fún òkú ẹni tí a kò rí owó iṣẹ́ abẹ san fún.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti àwọn ọdún 1950 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́, àwọn olùkọ́ tí ó ti dàgbà kò ní gbàgbé. Ta ni ó ronú kan ìyá wọn? Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 ti wà. Kí ìjọba fi ìgbáròkó àgbà sínú ohun tí ó ń san pátápátá, kí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa náà sì dá owó sílẹ̀ fún un. Kí olúkúlùkù fi irin ìdìmú sí ara ògiri balùwẹ̀, kí iná sì wà ní ọ̀nà ibẹ̀ lóru. Bí àgbà bá sì ṣubú, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì yí síta, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a má ṣe dúró de ọmọ tí ń bọ̀ láti Èkó.