Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹ gbà á gbọ́? Bí a ṣe lè ya èrò sọ́tọ̀ kúrò lára òkodoro ọ̀rọ̀ lórí ayélujára

Ní Sabon Zongo nílùú Accra, àjòjì kì í ṣe ohun tuntun. Orúkọ àdúgbò náà gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Hausa, "zongo" ni ibùdó tí àwọn oníṣòwò arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, "sabon" sì túmọ̀ sí tuntun. Àwọn Hausa tí Malam Bako ṣáájú wọn ló tẹ ibẹ̀ dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, onírúurú ẹ̀yà, títí kan Yorùbá, sì ti ń bá wọn gbé níbẹ̀.

Ní irú àdúgbò báyìí, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp nípa "àwọn àjòjì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó lè sọ bóyá aládùúgbò á kíni láàárọ̀ ọ̀la, tàbí bóyá ó yẹ kí ìyá ọlọ́jà ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Fọ́nrán àtijọ́, ìbínú tuntun

Ní ìparí oṣù Keje, ọdún 2025, àwọn èèyàn kan ṣe ìwọ́de ní Accra, wọ́n ní kí àwọn ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Ghana. Lára ohun tó dá kún ìbínú wọn ni fọ́nrán fídíò kan tó gba orí ayélujára, níbi tí aṣáájú àwọn Igbo kan ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìjọba Igbo ní Ghana.

Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ghana, Samuel Okudzeto Ablakwa, ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti ya fọ́nrán ọ̀hún. Nàìjíríà rán mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Bianca Odumegwu-Ojukwu, lọ sí Accra láti bá Ààrẹ John Mahama sọ̀rọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé fọ́nrán náà kì í ṣe ayédèrú. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni àwọn tó ń pín in kò sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ wá di ẹ̀rí fún èrò kan tí kò ní ẹ̀rí mìíràn.

Kí ni òkodoro ọ̀rọ̀, kí sì ni èrò?

Òkodoro ọ̀rọ̀ ni ohun tí a lè yẹ̀ wò, tí ẹni tí kò fẹ́ràn wa náà lè yẹ̀ wò, tí yóò sì bá a bẹ́ẹ̀. Èrò ni ojú tí ẹnìkan fi wo ọ̀rọ̀: ohun tó wù ú, ohun tó bí i nínú, ohun tó rò pé ó yẹ.

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí:

"Òfin 865 ti ọdún 2013 ní Ghana fi ìkiri àti ọjà títà nínú ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan." Òkodoro ọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni lè ṣí ìwé òfin náà, kó sì kà á.

"Òfin náà kò bójú mu." Èrò ni. Oníṣòwò tó ti Ìbàdàn wá lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ Ga tó ń ta irú ọjà kan náà sì sọ pé ó bójú mu gan-an. Kò sí èyí tó pa irọ́ nínú àwọn méjèèjì.

"Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń hu gbogbo ìwà ọ̀daràn ní Ghana." Gbólóhùn yìí ló ṣòro jù. Ó wọ aṣọ òkodoro ọ̀rọ̀, nítorí ohun tí a lè fi ìwé ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ yẹ̀ wò ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó sọ ọ́ kò bá ti wo ìwé kankan, ìbínú rẹ̀ ló ń sọ. Bí wọ́n bá sì dá ọmọ Ghana kan ṣoṣo lẹ́bi ọ̀daràn, "gbogbo" ti di irọ́.

Èdè Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀

Ní ọdún 1986, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, gbé ìwé kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé Yorùbá kì í lo "mọ̀" bákan náà pẹ̀lú "gbàgbọ́". Ohun tí ojú ẹni rí ni ènìyàn mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, gbígbà ni a gbà á, kí a tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Lójú òṣùwọ̀n yìí, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kà lórí fóònù ni a kò mọ̀. A gbà á gbọ́ ni.

Kí ló dé tó fi ń rú wa lójú?

Àìkàwé nìkan kọ́ ló fà á. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew fún àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ní gbólóhùn márùn-ún tó jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀ àti márùn-ún tó jẹ́ èrò. Ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dá gbogbo òkodoro ọ̀rọ̀ náà mọ̀, ìdá 35 sì dá gbogbo èrò náà mọ̀.

Lórí ayélujára, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn náà ń dá kún un. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ ọ́ pé, "Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé wọn." Ẹnìkejì á yọ "mo gbọ́ pé" kúrò. Ẹnìkẹta á fi àwòrán kún un. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ogún, àhesọ ti di ìkéde ìjọba.

Kí ló lè ti ibẹ̀ yọ?

Ìrántí ọdún 1969 kò tíì kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá fi ilé àti ọjà sílẹ̀, wọ́n sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjòjì tí kò níwèé, ọmọ Ghana ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni àpò "Ghana Must Go" ti gba orúkọ rẹ̀.

Kò sí WhatsApp nígbà náà. Síbẹ̀, ní ìlú méjèèjì, bí ọrọ̀ ajé ṣe ń jó àjórẹ̀yìn jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀. Pé àjòjì ló fà á jẹ́ èrò. Èrò yìí ló gbé ẹrù lé ẹbí lórí.

Kí ni òfin sọ?

Ghana fagi lé òfin tó sọ ìbanilórúkọjẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ní ọdún 2001. Síbẹ̀, abala 208 nínú Òfin 29 ti ọdún 1960 ṣì ka títan ìròyìn irọ́ tó lè dẹ́rù ba ará ìlú sí ẹ̀ṣẹ̀, bí ẹni tó tàn án bá mọ̀, tàbí tó bá nídìí láti gbà, pé irọ́ ni. Níwájú adájọ́, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ lè sọ pé èrò òun ni òun sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ gbọ́dọ̀ wà nídìí èrò ọ̀hún.

Ohun tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ bi ara yín pé: Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rí wo ló lè fi hàn pé irọ́ ni? Bí kò bá sí ẹ̀rí kankan tó lè já a nírọ́, èrò ni. Bí ẹ̀rí bá lè wà ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá a, àhesọ ṣì ni. Àwọn àjọ bíi Dubawa, GhanaFact àti Africa Check máa ń yẹ irú rẹ̀ wò.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ní èrò. Ṣùgbọ́n ẹ pè é lórúkọ rẹ̀: "lójú tèmi", "mo rò pé", "wọ́n sọ fún mi". Ọ̀rọ̀ kékeré wọ̀nyí ń fún ẹni tó ń kà á láàyè láti bá yín jiyàn. Ó tún ń fún aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ náà kàn láàyè láti sọ tẹnu rẹ̀, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.