Ife Onígi Tí Kì Í Jò: Iṣẹ́ Akànàgbá ní Etíkun Kútọnú

Bí ẹnikẹ́ni bá dúró ní èbúté Kútọnú lónìí, tí ó rí àwọn kọ̀ntẹ́nà tí wọ́n tò lé ara wọn gègèrè, àti àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí ń dúró de ẹni tí yóò rà wọ́n, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ohun èlò onígi kan, tí kò ní gọ́ọ̀mù, tí kò sì ní ìṣó láàárín igi àti igi, ni ó kó epo pupa etíkun yìí sọdá òkun kí a tó mọ àgbá onírin. Àgbá onígi ni mo ń wí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a fi ń kàn án kò tíì kú ní ayé, nítorí pé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ṣì ń fi ọgbọ́n kan náà ṣe ife bíà onígi. Ọgbọ́n ọ̀hún sì yẹ ní mímọ̀ fún àwọn káfíńtà tiwa, nítorí pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà wa rí.

Etíkun Kútọnú kò ní èbúté àdáyébá. Iyanrìn ni ó tẹ́ lọ súà, òkun, alagbalúgbú omi, a sì máa fi ìgbì na etí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè sún mọ́ ilẹ̀. Ní 1868, lábẹ́ Glèlè ọba Dàhọ̀mì, ẹni tí àwọn Ẹ̀gbá lé ogun rẹ̀ kúrò lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní 1864, ni wọ́n ṣe àdéhùn tí ó fi Kútọnú lé àwọn Faransé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó na afárá irin wọ inú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni àwọn awakọ̀ fi ń kó ẹrù la ìgbì kọjá, èbúté olómi jíjìn tí a mọ̀ lónìí kò sì ṣí títí di 1965. Epo ni ìrọjú iṣu lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni wọ́n ń fi í sè ní Marseille, àbẹ́là ni wọ́n sì ń fi í ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò Faransé fi tẹ̀dó sí Wídà láti àwọn ọdún 1840, tí wọ́n ń ra epo pupa, tí wọ́n sì ń wá ohun tí wọn yóò rọ ọ́ sí.

Àgbá ńlá kan a máa gba epo tí ó ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Ènìyàn kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Yíyí ni wọ́n ń yí i, nítorí pé ikùn àgbá tí ó yọ síta jẹ́ kí ìba díẹ̀ nínú ara rẹ̀ kan ilẹ̀, tí ènìyàn méjì fi lè darí rẹ̀ síbi tí ó wù wọ́n. Epo sì fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà àgbá tí ó kún fún epo, bí ó bá tilẹ̀ já sínú òkun, a máa léfòó. Òfìfo àgbá ni wàhálà, nítorí àyè tí ó ń gbà nínú ọkọ̀. Nítorí náà àwọn oníṣòwò a máa tú u palẹ̀, wọn a di awẹ́ igi rẹ̀ ní ìdì-ìdì, akànàgbá a sì bá ọkọ̀ wá láti tún un tò ní etíkun. Àgbá tí ó bá ṣófo tí oòrùn sì pa á a máa là, epo a sì máa jò sínú iyanrìn, owó olówó a sì bá a lọ. Ẹni tí ó mọ àgbá í kàn kì í ṣe ẹni àfojúdi nígbà náà.

Kí ni ó wá ń mú kí igi tí a kàn tò sún mọ́ ara wọn má jò? Igi kò dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá gé e. Ó ń mu ọ̀rinrin, ó sì ń tú u jáde, bí ó bá sì ti ń mu ún ni ó ń wú; ṣùgbọ́n ní ìbú ni ó ti ń wú, gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Igi óòkù funfun ti Amẹ́ríkà, bí ó bá ti inú tútù bọ́ sí gbígbẹ pátápátá, a máa fi nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sún kì bí a bá wọn ìbú rẹ̀ tẹ̀lé èèpo, a sì máa fi bí ìdá 5 sí 6 sún kì bí a bá wọ̀n ọ́n láti ọkàn igi wá síta, nígbà tí gígùn rẹ̀ kò ní dín tó ìdá 1. Nítorí èyí ni akànàgbá tí ó mọṣẹ́ fi máa ń la ìtì igi láti ọkàn rẹ̀ wá sí èèpo, kí fífẹ̀ awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí ìhà tí wíwú rẹ̀ kò pọ̀, kí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tí ó ti ọkàn igi jáde sì lè dábùú, kí wọ́n dí ọ̀nà fún omi tí ó bá fẹ́ gba inú igi yọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀já irin yí wọn ká. Omi dé, igi fẹ́ wú, ọ̀já kò gbà; awẹ́ kan ń ti èkejì, èkejì ń ti ẹ̀kẹta, títí ojú ìpàdé wọn gbogbo yóò fi dí pinpin. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kò sí awẹ́ kan nínú wọn tí ó lè dá gba omi ẹ̀kán kan dúró.

Ẹ jẹ́ kí a mú ife bíà kan tí ó lè gba ìdajì lítà. Kò ní ikùn bíi ti àgbá. Ìdí rẹ̀ ni ó fẹ̀ ju ẹnu lọ. Bí a bá fi awẹ́ 12 ṣe é, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, a ó fi ìfági fá etí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní dídà dígírì 15 ní apá ọ̀tún àti 15 ní apá òsì, kí àròpọ̀ gbogbo wọn lè jẹ́ 360, èyí tí í ṣe òbìrìkìtì pípé. Níbí ni iṣẹ́ ti ń ya ọ̀gá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ iṣẹ́. Etí 24 ni ó wà. Bí ọwọ́ bá fi dígírì kan péré ṣì ní etí kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe náà ti di 24 kí ife tó yí ká, kò sì sí ọ̀já irin tí yóò fún un pa. Ẹnu tóóró ni a ó ti fi ọ̀já wọ̀ ọ́, a ó sì máa fi òòlù onígi kàn án sọ̀ kalẹ̀ síhà tí ó fẹ̀, nítorí pé bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń fún un. A kì í sì í lu ojú kan ṣoṣo, yíyí ká ni à ń lù ú díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà náà ni a ó gbẹ́ ipa tẹ́ẹ́rẹ́ yípo inú ife, sókè ìdí rẹ̀ díẹ̀, a ó dẹ ọ̀já ìsàlẹ̀, a ó ki pátákó ìdí tí a ti fá etí rẹ̀ sínú ipa náà, a ó sì tún ọ̀já fún padà. Ẹ kíyè sí pátákó ìdí yìí. Òun náà yóò wú, ní ìhà kan ṣoṣo. Bí a kò bá fi àyè bíńtín sílẹ̀ fún un níhà ibẹ̀, yóò ti àwọn awẹ́ síta, ife tí kò jò lánàá yóò sì máa jò lónìí. Ní ti ọwọ́ ìdìmú, àwọn tí ó gbọ́n a máa fi awẹ́ kan sílẹ̀ ní kíki ju àwọn yòókù lọ, wọn a sì gbẹ́ ọwọ́ náà jáde lára rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ìda oyin yíyọ́ ra inú ife. Ó dára fún bíà tútù, ṣùgbọ́n kò dára fún ohun gbígbóná, tí yóò yọ́ ìda náà sínú ohun mímu. Ọjọ́ irú ife yìí ti pẹ́: nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Mary Rose jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní 1982, ọkọ̀ tí ó rì ní 1545, ife onígi tí a fi awẹ́ tò wà lára ẹrù àwọn atukọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo igi ni ó ṣeé lò. Ihò wẹ́wẹ́ inú óòkù funfun dí fúnra wọn, ṣùgbọ́n ti óòkù pupa là gbangba débi pé ènìyàn lè fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìdí awẹ́ kan jáde lórí rẹ̀. Kò sí óòkù ní igbó wa, ṣùgbọ́n igi tíìkì wà, tí ìjọba Benin ti gbìn sí ìhà Láámà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí sísún kì rẹ̀ kò sì ju bí ìdajì ti óòkù lọ. Ìrókò olúwéré náà le, kò sì tètè jẹrà, àmọ́ ekuru rẹ̀ a máa yún ara àti imú ẹni tí ń fá a, nítorí náà èmi kò ní í fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Igi kan tún wà tí ó pọ̀ nítòsí èbúté ju gbogbo wọn lọ, èyí ni igi pálẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbé ẹrù. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé: HT túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, débi pé ọkàn igi gbóná tó dígírì 56 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, MB túmọ̀ sí pé èéfín olóró ni wọ́n fi pa á. Èyí tí a kọ MB sí kò gbọdọ̀ kan ẹnu ènìyàn láé, èyí tí a kọ HT sí pàápàá kò ṣeé fọkàn tán bí ẹrù kan bá ti dà sí i lójú ọ̀nà.

Àgbá onírin àti ọkọ̀ agbépo ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akànàgbá ní etíkun wa, èmi kò sì sọ pé kí a dá epo pupa padà sínú igi. Ahá àti igbá wà fún wa láti ayé àwọn baba wa, inú igbá sì ni wọ́n ti ń mu ṣùkùtù, ọtí ọkà bàbà ti àríwá Benin, títí di òní. Ṣùgbọ́n káfíńtà tí ó bá lè fá etí awẹ́ 12 kí wọ́n pàdé láìsí àlàfo ti kọ́ ìṣirò, ó ti kọ́ ìwà igi, ó sì ti kọ́ sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni ọjà wà fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àlejò tí ń gba Kútọnú kọjá. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà ní Kútọnú, ní Àjàṣẹ́, ní Pobẹ̀ àti ní Kétu: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tíìkì tí ó ti gbẹ dáadáa, ẹ fi korobá kékeré kọ́ ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kí ó tó kan ife, kí ẹ má sì bínú bí ó bá jò ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bu omi sí i, nítorí pé igi náà kò tíì mu omi yó.