Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Lẹ́tà Virginia Woolf

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ìgbésí ayé àti ikú Virginia Woolf, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wò, kí a sì bi ara wa bí ó ṣe yẹ kí olùkọ́ Yorùbá máa sọ̀rọ̀ àìsàn ọpọlọ ní kíláàsì. Ọ̀tọ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí Yábàá, níbi tí ìjọba amúnisìn ti dá ilé ìtọ́jú alárùn ọpọlọ sílẹ̀ ní 1907. Orúkọ àdúgbò náà ti di èébú lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Oṣù kìíní 1882 ni a bí Woolf ní London. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1895, ìgbà náà ni àìsàn yìí sì kọ́kọ́ yọjú. Stella, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, kú ní 1897. Bàbá wọn kú ní 1904. Thoby ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní 1906. Ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1904, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1913, ọdún kejì tí ó fẹ́ Leonard Woolf. Ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà mọ̀ kò ju pé kí ó dùbúlẹ̀, kí ó máa mu wàrà, kí ó má kàwé, kí ó má sì kọ̀wé. (Ẹ wo irú egbòogi tí wọ́n fún òǹkọ̀wé!)

Àwọn kan a máa sọ pé wèrè ló kọ àwọn ìwé rẹ̀. Èyí kò tọ̀nà lójú tiwa. Nígbà tí ara rẹ̀ bá le ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe é kíkankíkan: Mrs Dalloway jáde ní 1925, To the Lighthouse ní 1927, The Waves ní 1931. Ohun tí àìsàn fún un ni ìmọ̀ tí ó fi dá Septimus inú Mrs Dalloway, jagunjagun tí ogun àgbáyé kìíní ti dà lórí rú, tí àwọn dókítà kò sì gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1941 ni ó kó sínú odò Ouse, nítòsí ilé wọn ní Sussex. Ẹni ọdún 59 ni. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù àwọn Jámánì sì ti ba ilé wọn ní London jẹ́. Nínú lẹ́tà tí ó fi sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù tí ó ń bà á ni pé àìsàn náà tún ti ń bọ̀, pé àwọn méjèèjì kò ní lè la irú ìgbà burúkú ìṣáájú wọ̀nyẹn kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí lẹ́tà náà dé inú ìwé ìròyìn, “wọ̀nyẹn” ti di “wọ̀nyí”. Ìgbà ogun ni àwọn òǹkàwé bá rò pé ó ń sọ. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù kan kọ̀wé sí Sunday Times láti bá a wí pé àwọn tí ìyà ogun ń jẹ jù ú lọ ń fara dà á. Leonard ní láti kọ̀wé ṣàtúnṣe.

A kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ìtàn Ṣàngó ń bẹ nílẹ̀: àwọn kan ní ọba so, àwọn kan ní ọba kò so, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ sì fi ṣe orúkọ eré rẹ̀. Wúnrẹ̀n kékeré ni “kò”, ṣùgbọ́n òun ló ya òkú kúrò lára òrìṣà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ àròkọ lórí irú ikú báyìí kì í pẹ́ tí yóò fi mú “ikú yá ju ẹ̀sín” jáde. Òwe náà kò bá Woolf mu. Ojú kò ti obìnrin náà. Ara rẹ̀ ni kò yá. Òwe náà dá lórí ọlá, àìsàn kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni “wèrè” kò tó fún gbogbo rẹ̀, nígbà tí èdè wa fúnra rẹ̀ ti mọ aṣínwín yàtọ̀, tí ó sì mọ wèrè aláṣọ. Nígbà tí Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Aláìsàn ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ní ti ìdánwò, a dá a lábàá pé kí olùyẹ̀wò má gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ “àìsàn ọpọlọ” dípò “wèrè”, kí ó sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó pa “wọ̀nyí” pọ̀ mọ́ “wọ̀nyẹn”.