Ṣé O Mọ̀? Òjò-Dídì Ń Yọ́, Wọ́n Sì Ń Yọ̀

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Yìnyín là ń pe èyí tó máa ń bá òjò já lu páànù gbà-gbà-gbà, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà jẹ. Funfun tó ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú nílùú òyìnbó ńkọ́? Òjò-dídì ni àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ ọ́n sí, òun náà ni mo máa lò níbí. Àwọn kan máa ń de pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, wọn a gun orí òkè tí òjò-dídì bò, wọn a sì yọ̀ wálẹ̀ bí ẹní jábọ́. Ski lorúkọ eré náà, òun náà ni wọ́n ń pe pẹpẹ yẹn. Eré ìgbà òtútù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ àwọn kan wà tí kì í fẹ́ kó tán.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2023, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ni ibùdó ski kan ní California tó ti ìlẹ̀kùn? Oṣù kẹjọ o, nígbà tí àwọn ará etíkun ń wá ibòji! Mammoth Mountain ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní ìhà ìlà-oòrùn àwọn òkè Sierra Nevada. Orí rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 11,053. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ kan náà ni wọ́n tì í lọ́dún 2017, lọ́dún 1995 wọ́n sì fà á dé ọjọ́ kẹtàlá. Ìgbà òtútù tó ṣáájú títì ti 2023 yẹn, íǹṣì 715 òjò-dídì ló rọ̀ sí àgbàlá ibùdó náà nísàlẹ̀ òkè. Ká ní kò yọ́, tí kò sì fún mọ́ra, ì bá bo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin mọ́lẹ̀ tòrùlé-tòrùlé.

Ṣé o mọ̀ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òjò-dídì ló ń tán, èrò ló ń tán? Lórí àwọn òkè Sierra, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ni òjò-dídì sábà máa ń nípọn jù lọ. Oṣù yẹn gan-an, tí òkè ṣì kún dẹ́múdẹ́mú, ni ọ̀pọ̀ ibùdó ń kógbá sílé. Koríko ti ń hù níwájú ilé oníbàárà nísàlẹ̀, oòrùn ti ń ràn, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó ti nu ọ̀pá gọ́ọ̀fù rẹ̀. Kò rántí mọ́ pé òtútù ṣì wà níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni owó iná tó ń yí àga tí ń gbé èèyàn gòkè kò dín, owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ òkè kò dín. Tí èrò ọjà bá ti lọ, ta ni ìyá ẹlẹ́kọ máa ta ẹ̀kọ fún?

Kí wá ni èrè ibùdó tí kò tètè ti ìlẹ̀kùn? Ìgbà ìrúwé ni àwọn ibùdó wọ̀nyí ń ta ìwé ìwọlé ti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ń yọ̀ lọ́wọ́ lóṣù karùn-ún ló rọrùn láti tà á fún. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìyá alákàrà ni. Èyí tó bá jókòó ti iná títí ilẹ̀ fi ṣú ni oníbàárà máa kọ́kọ́ wá lọ́la.

Ṣé o mọ̀ pé àgbàdo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe òjò-dídì ìgbà ìrúwé? Oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ díẹ̀, òtútù òru á tún mú un dì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ohun tó fúyẹ́ bí òwú á di hóró-hóró bí ọkà. Àwọn tó mọ adùn rẹ̀ á sọ fún ọ pé kò sí irú rẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́. Láago méje àárọ̀, ó le bíi kọnkéré, ski á máa ha lórí rẹ̀ gàràgàrà, eyín ẹni á máa gbọ̀n. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ti rọ̀ bíi gààrí tí wọ́n wọ́n omi sí tí kò tíì rin jù, ìgbà yẹn gan-an ló dáa. Tó bá di ọ̀sán gangan, ògì ni. Ski á rì, òkè á máa fa ẹsẹ̀, orúnkún á máa dun ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ òkè fi ń tẹ̀ lé oòrùn: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni yóò kọ́kọ́ lọ, yóò bọ́ sí ti gúúsù, yóò fi ti ìwọ̀-oòrùn kádìí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ló dá Mammoth sílẹ̀? Dave McCoy lorúkọ rẹ̀. Láti ọdún 1913 ni ìlú Los Angeles ti la ọ̀nà omi láti ẹsẹ̀ àwọn òkè yẹn wá sí ilé ara rẹ̀, ìrìn tí mọ́tò ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí rìn. Òjò-dídì tó bá yọ́ lókè ló ń di omi tí wọ́n ń mu nísàlẹ̀. Ìlú náà wá gba McCoy síṣẹ́ pé kó máa fi ski káàkiri orí òkè, kó máa wọn bí òjò-dídì ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń wọn nǹkan lójoojúmọ́ kò ní í ṣàìmọ ibi tó pọ̀ sí jù. Kó lè ní ẹ̀rọ okùn tó ń fa èèyàn gòkè, ó fi alùpùpù rẹ̀ dúró ní báńkì, ó yá dọ́là 85. Ọdún 1953 ni ìjọba fún un láṣẹ lórí Mammoth, ọdún 1955 ni àga àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn gòkè níbẹ̀. Ẹni ọdún 104 ni nígbà tó kú lọ́dún 2020. Nítorí náà, ẹni tó ń yọ̀ lórí Mammoth lóṣù karùn-ún, orí omi mímu ló ti ń ṣeré.

Ìwọ̀n yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé olùkọ́ èdè Látìn ló fi ọ̀nà rẹ̀ han àwọn ará Amẹ́ríkà? James Church, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Nevada, ló ń gun òkè Mount Rose nínú òtútù, tó sì ṣe páìpù kan tí wọ́n ń gún wọ inú òjò-dídì títí yóò fi kan ilẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á gbé e kọ́ orí ìwọ̀n. Ìwúwo ni wọ́n ń wá, kì í ṣe gíga, nítorí òjò-dídì lè ga bí ilé kó má fi bẹ́ẹ̀ ní omi nínú. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù lọ ní California. Lọ́dún 2015, gómìnà ìgbà náà, Jerry Brown, bá wọn lọ wọ̀n ọ́n, orí koríko gbígbẹ ló dúró sí. Ohun tó wà ní ìpínlẹ̀ náà lódindi kò ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó máa ń wà. Ní ọdún 2023 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó lé ní ìlọ́po méjì.

Ṣé o mọ̀ pé iná wà lábẹ́ òjò-dídì Mammoth? Òkè ayọnáyèéfín ni. Ó ti pẹ́ tó ti sùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí, èémí rẹ̀ sì ní májèlé. Lóṣù kẹrin ọdún 2006, àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ń ṣe ọgbà yí ihò kan ká tó ń tú afẹ́fẹ́ burúkú jáde, kí eléré kankan má bàa jìn sí i. Òjò-dídì ya lábẹ́ àwọn méjì nínú wọn, wọ́n já sínú ihò náà. Ẹ̀kẹta wọlé láti yọ wọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kú.

Ibi tí òkè kò ga ńkọ́? Killington ní ìpínlẹ̀ Vermont kò ju ẹsẹ̀ bàtà 4,241 lọ, òjò gidi sì máa ń rọ̀ lé òjò-dídì rẹ̀ lórí. Ọgbọ́n tiwọn ni pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tú òjò-dídì sórí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, Superstar, ní gbogbo ìgbà òtútù, títí yóò fi di òkìtì. Tó bá di oṣù karùn-ún, gbogbo òkè ti tutù yọ̀yọ̀ fún ewé, ìlà funfun kan ṣoṣo ló kù láàárín rẹ̀. Àwọn ọdún kan wà tí ìlà yẹn wọ oṣù kẹfà.

Ẹ̀rọ náà, àwọn aṣe-ski mẹ́ta ní Connecticut ló ṣe é lọ́dún 1950, nítorí òjò-dídì kọ̀ kò rọ̀, ọjà wọn sì kú. Ọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó ni wọ́n lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà. Lónìí, àwọn ibùdó kan ń po òkú kòkòrò àìfojúrí mọ́ omi ẹ̀rọ náà, èyí tí òtútù fi ń ba ewé jẹ́ lóko. Omi tó mọ́ tónítóní lè tutù kọjá òdo kó má dì, nítorí kò rí nǹkan dì mọ́. Ara kòkòrò yìí ló ń dì mọ́.

Iyọ̀ ńkọ́? Lójú títì, wọ́n ń da iyọ̀ sórí òjò-dídì kó lè yọ́. Ní Timberline, lórí òkè Mount Hood ní Oregon, wọ́n ń fọ́n ọn kó lè le. Iyọ̀ á kọ́kọ́ yọ́ ojú rẹ̀, yíyọ́ yẹn á fa ooru kúrò nínú èyí tó kù, omi tó ṣàn wọlé á sì dì gbagidi. Orí ilẹ̀ líle yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ eré ìje lóṣù keje. 

Àríyá náà ò gbẹ́yìn. Ní Arapahoe Basin ní Colorado, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ni wọ́n sọ ní Etíkun: wọ́n á tẹ́ àga, wọ́n á dáná ẹran, ẹlòmíràn á wọ ṣòkòtò péńpé. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ni wọ́n ti ibùdó náà lọ́dún 2019. Ní Banff, Kánádà, láti ọdún 1928 ni wọ́n ti ń gbẹ́ adágún kékeré sẹ́sẹ̀ òkè lóṣù karùn-ún, tí wọ́n ń sáré ski wá láti fò ó kọjá. Ẹni tí kò bá fò ó já, omi tútù nini ń dúró dè é. Ní Riksgränsen ní Sweden, oòrùn kì í wọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí oṣù karùn-ún parí, ọ̀gànjọ́ òru ni àwọn kan sì ń yọ̀ níbẹ̀.

Má gbàgbé oòrùn. Òjò-dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ń dá bíi 80 nínú 100 ìtànṣán tó ń jó ara padà sókè, nítorí náà abẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò imú ló ń jó èèyàn. Aláwọ̀ dúdú náà kò yọ sílẹ̀, ojú wa kò sì le ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ bá wà ní Los Angeles, tó ní kó o wá lo oṣù karùn-ún lọ́dọ̀ òun, má jẹ́ kó fi etíkun nìkan tàn ọ́. Ní kó gbé ọ lọ sí Mammoth. Mú kóòtù, mú ìpara, mú awò dúdú. Kó o sì rí i pé o ti wà lókè kí aago mẹ́wàá tó lù; lẹ́yìn ọ̀sán, ògì lo máa bá.